Ẹ rí béárì ní Great Smoky Mountains: ta ni kí ẹ sọ fún, kí ni kí ẹ sọ?

Tí ìsinmi àwọn ọmọ bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn ará ìjọ wa ní Atlanta, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé tí wọ́n fẹ́ gbé màmá jáde, gbogbo wọn ló ń lọ sí orí òkè yẹn. Wọ́n sì ti gbọ́ ohun tí béárì fi ojú wa rí níbẹ̀ lọ́dún kan, èmi ni wọ́n wá sọ di alágbàwí béárì. Mo ti kó ìdáhùn mi jọ síbí, kí n lè ráyè jẹun.

Ṣé béárì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí wọ́n kàn fi ń dẹ́rù bà wá?

Ó wà. Béárì dúdú tó wà nínú páàkì náà tó 1,900. Ààlà Tennessee àti North Carolina ni páàkì ọ̀hún wà, 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì sí national park mìíràn ní Amẹ́ríkà tí èrò ń wọ́ lọ tó o: ní 2024, ó lé ní mílíọ̀nù 12 ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn tẹ ibẹ̀. Pẹ̀lú èrò tó pọ̀ báyẹn, ẹ̀yin àti béárì lè ṣe kòńgẹ́ ara yín.

Kò sí béárì nínú igbó Áfíríkà kankan lónìí, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú oríkì ọdẹ wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ìtàn Èlíṣà lọ, àti àwọn ọmọ 42 tí abo béárì méjì fà ya. Ìtàn yẹn ni ìyá mi rántí tó fi ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù láti Chattanooga títí a fi débẹ̀. Àmọ́ béárì dúdú kì í wá èèyàn kiri. Ọdún 2000 ni béárì kọ́kọ́ pa èèyàn nínú páàkì yẹn, lẹ́yìn ọdún 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Oúnjẹ ni béárì ń wá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti wá.

Ṣé gbogbo béárì tí mo bá ti rí ni kí n lọ sọ?

Rárá o. Béárì tó wà lórí igi ní Cades Cove, àfonífojì kan nínú páàkì náà, tó ń jẹ èso tirẹ̀, tí ẹ rí láti inú ọkọ̀, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó, kí ẹ máa lọ. Kí ẹ má sì dá ọkọ̀ dúró sáàárín ọ̀nà, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ló yí Cades Cove ká, ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè fẹ́ tọ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ sọ ni béárì tó ti ń ṣe bí onílé láàárín àwa èèyàn. Tó bá wọ ibùdó àgọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti ń jẹun tí kò sì bìkítà. Tó bá fọwọ́ kan kúlà, àpò, àgọ́, tàbí ọkọ̀, ìbáà má rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Tó bá ń tẹ̀lé èèyàn lójú ọ̀nà tí kò yà. Tó bá sáré sí yín, kódà kó dúró lágbedeméjì kó sì padà. Béárì tí ọkọ̀ gbá náà wà níbẹ̀, àti ọmọ béárì tó dá wà (ẹ má gbé e, ẹ má súnmọ́ ọn, ìyá rẹ̀ lè wà lẹ́yìn igi tó wà níwájú yín).

Mo fẹ́ fi èyí tí a kì í fẹ́ sọ kún un: èèyàn tí ẹ bá rí tó ń ju búrẹ́dì sí béárì. A máa ń sọ pé kò kàn wá. Ó kàn ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lálẹ́.

Kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Ní Yosemite, páàkì mìíràn ní California, bó ti wù kí béárì náà máa ṣe jẹ́jẹ́ tó, wọ́n fẹ́ gbọ́ pé ẹ rí i.

Ta ni kí n sọ fún?

Bí ẹnì kan bá fara pa, tàbí béárì náà ò tíì kúrò lọ́rùn yín, 911 ni. Ẹ má ronú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ inú páàkì ni ẹ wà, reńjà ni, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ eérú àti ṣòkòtò àwọ̀ ewé pẹ̀lú fìlà etí gbòòrò. Ẹ máa rí wọn ní ilé ìgbàlejò Sugarlands lẹ́bàá Gatlinburg, ní Oconaluftee lápá Cherokee, àti ní Cades Cove. Ní ibùdó àgọ́, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ibẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà páàkì sínú fóònù láti ilé, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rí béárì ni ẹ máa wá a lórí Google, torí nẹ́tíwọ̀kì kì í sí nínú ọ̀pọ̀ àfonífojì ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, àmọ́ láti 2023 ni wọ́n ti ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí, $5 lóòjọ́. Ibi tí ẹ bá ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ bi wọ́n pé níbo ni béárì ti ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ojú pátákó, wọ́n sì máa ń ti ibùdó àgọ́ mìíràn pa nítorí rẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣì í ṣe rèé: ọ̀pọ̀ wa kì í sun inú páàkì. Ilé onípákó la máa ń háyà ní Gatlinburg tàbí Pigeon Forge, ẹ̀yìn òde páàkì sì nìyẹn. Reńjà kọ́ ló ni ibẹ̀. Ní Tennessee, Tennessee Wildlife Resources Agency ni kí ẹ pè. Lápá North Carolina, Wildlife Resources Commission tiwọn ni. Béárì kò mọ ààlà o. Ó lè jẹun àárọ̀ nínú páàkì kó wá jẹ tọ̀sán nílé tí ẹ háyà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra.

Tí mo bá ròyìn rẹ̀, ṣé wọn ò ní pa á?

Ìbéèrè yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, ó sì pa èmi náà lẹ́nu mọ́ rí.

Alẹ́ ọjọ́ tí a dé ilé tí a háyà, ó ti rẹ gbogbo wa, kúlà ńlá kan wá kù sí fàráńdà. Ẹran díndín, ẹja gbígbẹ, ike jọ̀lọ́ọ̀fù méjì, àti ata díndín. Ní nǹkan bí aago méjì òru mo gbọ́ gbì. Mo yọjú láti fèrèsé. Ó jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó wá síbi ìnáwó, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há kúlà mọ́ra, ó ń fi èékánná ṣí ọmọrí ike bí ẹni tó ti ṣí irú rẹ̀ rí. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò kánjú. Ó jẹ ẹran tán, ó bọ́ sórí ẹja, ó lá ike jọ̀lọ́ọ̀fù mọ́ féfé. Ata díndín ló fi imú kàn, ó sín, ó sì dìde.

Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí n pe àwọn tó ń rí sí ẹranko igbó. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní, “Ẹ má pe ẹnikẹ́ni o. Wọ́n á ní àwa la pè é wá jẹun, wọ́n á tún lọ yìnbọn pa ẹranko ẹlẹ́ranko.” A pa ẹnu mọ́. Lóru ọjọ́ kejì béárì kan ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Wọn ò ti í pa, béárì ibẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó wọlé, ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn, ó wá fa inú ọkọ̀ náà ya láti orí títí dé ìjókòó ọmọdé. Bisikíìtì ọmọ ló bá wọ ibẹ̀. Àwọn yẹn pè lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó wá wádìí kan ilẹ̀kùn wa, ó bi wá bóyá a ti rí nǹkan kan ṣáájú. Ìyàwó mi wo ojú mi. Mo sọ òtítọ́. Kò bá mi jà, ó kàn ní ká ní wọ́n ti mọ̀ lánàá ni, wọn ì bá ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé tó wà lójú òkè yẹn kí wọ́n ti ọkọ̀ wọn.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni pé kì í ṣe ìbọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Tí ìròyìn bá tètè dé, wọ́n lè wá kó ohun tó ń fà á wá kúrò, wọ́n lè ti ibùdó náà pa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n lè fi ariwo lé e. Nígbà mìíràn wọ́n á mú un, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á so nọ́ńbà mọ́ etí rẹ̀, wọ́n á yọ eyín kékeré kan láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti mú un gan-an. Béárì tí wọ́n bá ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀ kì í tètè padà wá. Bí wọ́n bá gbé e lọ sọ́nà jíjìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rin ọ̀nà padà wálé.

Pípa ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ẹnu wa dídì sì máa ń sún un sí. Ní June 12, 2022, ní ibùdó àgọ́ Elkmont nínú páàkì náà, béárì kan fa àgọ́ ìdílé kan ya ní ìdájí. Tọkọtaya, ọmọ mẹ́ta àti ajá ló wà níbẹ̀. Ó ya ìyá àti ọmọ ọdún mẹ́ta lórí, bàbá ló fi gbogbo agbára lé e kúrò. Ọgbẹ́ náà kò wọnú, a dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n mú béárì ọ̀hún, ó tẹ̀wọ̀n tó kílò 160. Akọ béárì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 113, ìgbà ìwọ́wé tí èso igi óòkì bá já ni wọ́n ń sanra. Ibi tí àwọn reńjà ti mọ̀ nìyẹn pé oúnjẹ èèyàn ló ti ń jẹ bọ̀. Wọ́n pa á. Ṣé ẹ rí kílò tó lé yẹn, kúlà bíi tèmi ló kó o jọ.

Kí ni wọ́n máa bi mí?

Ibi, àkókò, ìwà rẹ̀, oúnjẹ. Bí ẹ bá mọ mẹ́rin yìí, ẹ ti ṣe é. “A rí béárì lórí òkè” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, orí òkè ni gbogbo wọn wà. Bí ó ṣe yẹ kó tò rèé:

“Láàárọ̀ òní, ní nǹkan bí aago méje àbọ̀, a wà lójú ọ̀nà Alum Cave, bíi máìlì kan sí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Béárì kan ṣoṣo, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan àwọ̀ ewé wà létí ọ̀tún rẹ̀, a ò rí nọ́ńbà kà. Ó tẹ̀lé wa bí ìṣẹ́jú márùn-ún. A pariwo, kò lọ. Nígbà tí ó sún mọ́ wa tó ìwọ̀n ọkọ̀ méjì, ọmọkùnrin kan tó wà níwájú wa ju àpò rẹ̀ sílẹ̀ ó sì sá. Béárì náà dúró ti àpò, ó jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ kíákíá jù, torí béárì náà ti kọ́ pé tí òun bá tẹ̀lé èèyàn, oúnjẹ á jábọ́. Torí náà ẹ má fi ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe pamọ́. Nọ́ńbà ibùdó, tí ẹ bá sun inú igbó, ṣe pàtàkì: gbogbo ibùdó inú igbó ibẹ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Tí ẹ bá ti ya fọ́tò láti ọ̀nà jíjìn, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ má padà lọ yà á.

Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e sórí Facebook?

Reńjà kọ́kọ́. Tí ẹ bá gbé ibi tó wà síta, ogójì èèyàn ni yóò dé ibẹ̀ kí reńjà tó dé.

Tí a bá pàdé ojúkorojú ńkọ́?

Ẹ má sáré. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà, àmọ́ béárì ń sáré tó máìlì 30 láàárín wákàtí kan, ó sì ń gun igi ju yín lọ. Òfin páàkì yẹn ni pé kí ẹ fi yáàdì 50 jìnnà sí i, ìyẹn bíi mítà 46. Bí òun bá wá bá yín, ẹ rọra máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹ máa wò ó. Tó bá ń mí fin-ín fin-ín, tó ń pa eyín keke, tó ń fọwọ́ gbálẹ̀, ó ń sọ fún yín pé ẹ ti sún mọ́ òun jù ni. Ẹ yẹ̀.

Bí ó bá ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, ẹ dúró, ẹ kó ara yín jọ, ẹ gbé àwọn ọmọdé, ẹ sọ̀rọ̀ kíkan, ẹ ju òkúta. Èdè Yorùbá dára fún èyí, ìyá mi ti fi èébú Ìbàdàn dán an wò. Ẹ má ju oúnjẹ sí i. Tó bá wá fọwọ́ kàn yín, tó sì jẹ́ oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ yín ló ń lé, ẹ jìnnà sí oúnjẹ náà. Tí kò bá ka oúnjẹ sí, ẹ jà. Ẹ má dùbúlẹ̀ bí òkú fún béárì dúdú.

Gbogbo èyí ni ìròyìn, títí kan ibi tí ẹ fi ẹ̀yìn rìn dé. Bí ara yín bá ti balẹ̀, kí ẹ tó máa ròyìn fún ara yín nínú ọkọ̀ tí ìtàn á fi gùn sí i, ẹ kọ ọ́ sínú fóònù.

Oúnjẹ wa ńkọ́? A ò lè jẹ búrẹ́dì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ gbé oúnjẹ yín lọ, ta ló ní kí ẹ má gbé e? Irú, ẹja gbígbẹ, edé, pọ̀nmọ́: imú béárì ló fi ń jẹun, ẹ mọ ohun tí irú ń ṣe fún imú èèyàn lásán. Nínú ibùdó àgọ́ ńlá tó ní ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹ ò bá sí nídìí oúnjẹ, inú ọkọ̀ ni kó wà, kí gíláàsì ti pa pátápátá, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Nínú igbó jíjìn, wáyà wà tí wọ́n ta sókè fún gbígbé àpò kọ́. Ẹ ka ọṣẹ, òróró ìpara àti oúnjẹ ajá mọ́ oúnjẹ. Omi tí ẹ fi fọ ìkòkò ọbẹ̀, ẹ má dà á sẹ́bàá àgọ́. Nílé tí ẹ háyà, kúlà kì í sun fàráńdà, àpò ìdọ̀tí pẹ̀lú.

Yosemite kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́nà líle. Ní 1998, ìjàǹbá tí béárì ṣe níbẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo sún mọ́ 1,600, ohun tó bàjẹ́ lé ní $650,000, ọkọ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àpótí irin ni wọ́n ń kó oúnjẹ sí níbẹ̀ báyìí lálẹ́, wọn ò gbà kó sun inú ọkọ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ṣé wọn ò ní bu owó ìtanràn lé mi?

Wọ́n lè bù ú. Ẹni tó bá fún béárì lóúnjẹ tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ sún mọ́ ọn nínú páàkì lè san tó $5,000, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹni tí béárì jí kúlà rẹ̀ tó sì wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń fi ẹran ya fọ́tò pẹ̀lú béárì. Mo ti ròyìn lẹ́ẹ̀mejì látìgbà yẹn. Ohun tí béárì ṣe ni wọ́n bi mí. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìwé.

Ṣé kí n ra agolo ata yẹn?

Bear spray? Tí ó bá fi yín lọ́kàn balẹ̀, wọ́n gbà á láyè nínú páàkì. Kò gbọdọ̀ wọ bàálù, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á tí ẹ bá ń fò lọ. Ojú béárì tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fín in sí. Ẹ má fín in sára àgọ́ tàbí sára ọmọ bí oògùn ẹ̀fọn, àwọn kan ti ṣe é. Bí ẹ bá sì lò ó, ẹ ròyìn ìyẹn náà.

Calgary, ní Kánádà, ni àwa wà, páàkì Banff là ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń lọ sí páàkì Yellowstone, ní Amẹ́ríkà.

Ìyẹn le ju tiwa lọ, torí grizzly, irú béárì mìíràn tó tóbi ju béárì dúdú lọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú béárì dúdú. Grizzly ní iké láàárín èjìká, bó bá sì jẹ́ pé ẹ já lù ú lójijì tó wá bá yín torí ọmọ rẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ bí òkú ni wọ́n ń kọ́ èèyàn níbẹ̀. Ní Banff, mítà 100 ni kí ẹ fi jìnnà, owó ìtanràn lè dé $25,000 ti Kánádà, Parks Canada sì fẹ́ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ní Yellowstone, yáàdì 100 ni, kí agolo ata sì wà ní ìbàdí, kì í ṣe nínú àpò.

Láti 1931 dé 1969, béárì ń ṣe èèyàn bíi 48 léṣe lọ́dọọdún ní Yellowstone. Nígbà yẹn, àwọn àlejò ń fi ọwọ́ fún wọn ní bisikíìtì láti ojú fèrèsé ọkọ̀, béárì sì ń jẹ ní ààtàn. Wọ́n ti ààtàn pa, wọ́n sì fi ọwọ́ líle mú òfin tó de fífún wọn lóúnjẹ. Láti 1980 títí di báyìí, ó jẹ́ bí ẹnì kan lọ́dún.

Màmá ní kí a má dárúkọ rẹ̀ lálẹ́.

Ìyá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí a kì í ṣe í pe ejò lóru, tí à ń pè é ní okùn, “ará òkè” ni màmá sọ béárì. Ẹ jẹ́ kí màmá máa pè é bó ṣe wù wọ́n. Àmọ́ tí ẹ bá gbé fóònù láti pe reńjà, bear ni kí ẹ sọ. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “a visitor came to our veranda”, ó tó ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe olè.